Iná Méjì ní Ọ̀nà Oǹdó

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà wà nínú àpò mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Mo rò pé aláǹgbá ni.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, ọyẹ́ sì bo Ọ̀bà-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ débi pé mi ò rí òpó iná tó wà ní òdìkejì títì. Mo jókòó sórí táyà àlòkù, mò ń mu ògì mi. Ọkọ̀ náà wà níwájú mi, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Mo gbójú sókè. Tirafikétọ̀ ọ̀tún, iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà, ń tàn, ó ń kú. Tòsì náà ń tàn, ó ń kú. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣe é ni, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣẹ́jú síni láàárín èrò.

Mo ti wakọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì, èmi kì í sá fún wáyà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú orí bátìrì kúrò. Iná náà tún tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dákẹ́. Nígbà tí mo padà sídìí ògì mi, ó ti tutù. Mi ò mu ún mọ́.

Ọláwuyì lorúkọ mi. Mi ò nílé, mi ò sì wá a. Mo ti gbé sìmẹ́ǹtì dé Maiduguri, mo ti sùn sábẹ́ lọ́rì ní Lọ́kọ́ja nígbà tí òjò ń rọ̀ lókè tí omi ń ṣàn nísàlẹ̀, mo sì fi egungun ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní Òrè. Ọ̀nà ló kọ́ mi, ó sì ń nà mí bó ṣe ń kọ́ mi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fi lọ́rì sílẹ̀. Mo sọ fáwọn èèyàn pé ojú ló ń dùn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Alágbàká, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, ní ọkọ̀ wíwà, mo sì ń sùn nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Adédèjì, riwáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe.

Wúrà ló ni ọkọ̀ tó ń ṣẹ́jú yẹn, Corolla aláwọ̀ eérú kan tó ti gbó. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Alágbàká, kò sì ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí yìí ló kọ́kọ́ wá bá mi.

"Bàbá, mi ò fẹ́ mọ ọkọ̀ wà bí àwọn tó ń lọ Abuja. Ráńdábáòtù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọjá."

"Èwo nínú wọn?"

Ó dárúkọ rẹ̀.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sùn. Ó wà ní ìjáde Àkúrẹ́, ọ̀nà mẹ́rin ló sì pàdé níbẹ̀. Tí o bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, ọ̀tún rẹ ni ọ̀nà sọ́míìlì tí wọ́n ti ń la igi. Iwájú rẹ gan-an ni Oǹdó. Òsì rẹ ni àwọn ilé tuntun. Fún ọdún mẹ́ta, mi ò gba ibẹ̀ kọjá. Tí ẹni tí mò ń kọ́ bá ní ká lọ síbẹ̀, màá ní ọ̀nà ti dí.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?" mo bi í.

"Ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí. Ayọ̀dèjì. Alùpùpù ló gùn bọ̀ láti sọ́míìlì tó ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan gbá a, kò dúró. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú mi, mo wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó tí mò ń retí rẹ̀." Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ti há a sórí. "Nígbà tí mo bímọ, ìyá ọkọ mi gbà á tọ́, torí iṣẹ́ mi wà ní Àkúrẹ́. Ní báyìí mo ní kí wọ́n fún mi lọ́mọ mi. Wọ́n ní ráńdábáòtù tó pa ọmọ àwọn, ọmọ ọmọ àwọn ò ní gba ibẹ̀ kọjá lọ́wọ́ dírẹ́bà kankan. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé èmi fúnra mi wakọ̀ wá, kí n máa gbé e lọ."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé o ò mọ ọkọ̀ wà?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé tí mo bá wọ takisí lọ síbẹ̀, ojú mi máa ń wà ní dídì títí a ó fi kọjá. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn." Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní ni iléèwé máa wọlé, ọjọ́ Ajé. Tí mi ò bá dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Oǹdó, ó parí nìyẹn. Bàbá, ọmọ yẹn ń pe ìyá ọkọ mi ní Mọ́mì. Èmi, Àǹtí Wúrà ló ń pè mí."

Ó yẹ kí n ní kó wá olùkọ́ mìíràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ nísinsìnyí. Àmọ́ mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé kó ní kí ẹnì kan wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, kó máa wà níbẹ̀.

Ó tètè mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lórí kílọ́ọ̀ṣì, kì í sì í bínú bí mo bá pariwo mọ́ ọn. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ráńdábáòtù, mo dojú àwo kan délẹ̀ lórí iyanrìn, mo fi ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀.

"Àwo yìí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ títí o fi máa jáde. Ipa méjì ló wà. Ipa inú ló sún mọ́ àwo, ipa ìta ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tó o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ipa ìta, iná ọ̀tún. Tó o bá fẹ́ yà sósì, tàbí o fẹ́ padà síbi tó o ti wá, ipa inú, iná òsì. Tó bá jẹ́ iwájú lò ń lọ, ipa ìta náà ni, má sì tan iná kankan títí o fi máa kọjá ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tan tọ̀tún, kí ayé mọ̀ pé ò ń jáde. Ipa tó o bá mú wọlé, dì í mú. Má ṣe fò láti ọ̀kan sí èkejì."

"Mo rò pé iná méjèèjì ni wọ́n ń tàn tí wọ́n bá ń lọ tààrà. Dọ́bù."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Gbogbo dírẹ́bà ló ń ṣe é, Bàbá."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa là ń ṣe é. Iná tí wọ́n ṣe sára ọkọ̀ fún ọjọ́ tó bá bàjẹ́ sójú títì, àwa fi ń sọ pé ẹ yàgò, tààrà là ń lọ.

"Gbogbo dírẹ́bà ò gbọ́n," mo wí. "Ẹni tó bá dúró lápá ọ̀tún rẹ, iná ọ̀tún nìkan ló máa rí. Á rò pé ò ń yà wọ ọ̀dọ̀ òun. Á wọlé."

Ohùn mi gbọ̀n nígbà tí mo dé ìparí. Ó wò mí.

"Bàbá, ṣé kò sí?"

"Ọyẹ́ ni. Gbé ìdérí ìgò rẹ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí iná tàn fúnra rẹ̀ yẹn, mi ò sọ fún un. Mo dá orí bátìrì padà, a sì lọ sí Alágbàká ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ká lè lo ráńdábáòtù kékeré tó wà níbẹ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìṣàṣìṣe. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo ní kó lọ tààrà. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kẹ́. Kẹ́.

"Pa iná yẹn."

"Ẹ wo ọwọ́ mi."

Mo wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárì, ó dì í mú bí ẹni di ìwo ewúrẹ́ mú. Bọ́tìnì dọ́bù ò tẹ̀ wọlé.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú mo gbé ọkọ̀ náà fún Adédèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta.

"Bàbá Ọláwuyì, ọkọ̀ yìí ń ṣẹ́jú sí yín. Ẹ kúkú fẹ́ ẹ."

"Wo ẹnu ẹ bíi sàlẹ́ńsà tó ti jẹrà. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

"Kò sí wáyà tó kan ara. Mo ti wò ó tán." Ó jáde, ó na ohun dúdú kékeré kan sí mi, kò tóbi ju kóró ṣúgà onígun lọ. "Filáṣà nìyí. Òun ló ń mú iná ṣẹ́jú. Láìsí i, ẹ lè fi òòlù lu bọ́tìnì yẹn, kò ní tàn. Ẹ jẹ́ ó wà lọ́wọ́ yín títí màá fi rí tuntun rà. Tó bá tún wá ṣẹ́jú, ẹ má pè mí o. Pásítọ̀ yín ni kí ẹ pè."

"Mi ò ní pásítọ̀."

"Ẹ tètè wá ọ̀kan."

Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo fi filáṣà náà sínú àpò àyà ẹ̀wù mi. Nítorí pé kò sí tirafikétọ̀ mọ́, mo kọ́ Wúrà ní bí àwa àgbà ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lójú títì nígbà ayé àwọn ọkọ̀ onípákó. Tó o bá fẹ́ yà sósì, na ọwọ́ gbọọrọ jáde lójú fèrèsé. Tó bá jẹ́ ọ̀tún, ká a sókè. Tó o bá fẹ́ dúró, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ síbẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí mo lè fi sọ pé ó dí mọ́, torí ọjọ́ méjì péré ló kù.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn wà lókè bí ẹyin tí wọ́n fi aṣọ wé. Ọyẹ́ ti kun gbogbo nǹkan: ewé, òrùlé, irun orí àwọn tó ń ta ọsàn. Ó kù díẹ̀ ká dé ẹnu ráńdábáòtù nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Mo fọwọ́ kan àpò àyà mi. Filáṣà wà níbẹ̀. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí ọfà kékeré méjì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tàn, tí wọ́n ń kú.

Wúrà náà wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ti rí i. Ó ṣáà ń wakọ̀ lọ ní ipa ìta, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ní ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì, ọkùnrin kan dúró lórí alùpùpù, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀. Ó so ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ tuntun mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọpọ́n oníke, pupa fòò. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe ọpọ́n náà. Ẹ̀wù rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ó mọ́. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ń rí, òun nìkan ni ọyẹ́ ò bà lé. Kò wo ojú wa. Iná wa ló tẹjú mọ́, iná ọ̀tún, ó sì ń fi orí ka bó ṣe ń tàn.

"Dúró!"

Mo fa búréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ fò, ó kú. Takisí kan yà gbà ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, awakọ̀ rẹ̀ yọ orí jáde. "Bàbá arúgbó! Ẹ gbé ìyàwó yín kúrò lójú títì, ẹ lọ jà nílé!"

"Kí lẹ rí?" Wúrà béèrè.

"Ọkùnrin orí alùpùpù yẹn."

"Ọkùnrin wo, Bàbá?"

Ewúrẹ́ kan ń la ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì kọjá. Ó ń bọ̀ tààrà. Nígbà tó dé ibi tí táyà iwájú alùpùpù náà wà, ó dúró, ó yà fún un, ó sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Wúrà rí ewúrẹ́ náà. Ó rí bó ṣe yà fún ohun tí kò sí. Tí ẹ̀rù bá ba ọmọ Àkúrẹ́, ẹnu ilé ló máa ń fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá," ó wí, jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ a re ulé."

Nígbà tí a dé Ọ̀bà-Ilé, mo bi í léèrè ohun tí kò yẹ kí n bi í. "Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ kú, kí ló so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù?"

"Ọpọ́n ìwẹ̀ tó rà fún ọmọ. Pupa. Wọ́n ní ó yí lọ jìnnà, kò sì fọ́. Òun ni Màmá fi ń wẹ̀ ẹ́ dòní." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó wá dúró. "Ta ló sọ fún yín pé ó so nǹkan mọ́ ọn?"

Mo ní mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé iṣu láti Ìjù lọ sí Oǹdó. Lọ́rì wúwo, mi ò sì fẹ́ yí jíà. Àwa onílọ́rì, a kì í yí ráńdábáòtù ká. Ńṣe la máa ń là á kọjá: a ó ti ipa ìta wọlé, a ó fò sí ipa inú, a ó tún fò padà síta láti jáde, kí ọ̀nà lè tọ́ kí ẹsẹ̀ má sì kúrò lórí tọ́ròtù. A ó tan dọ́bù, ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ á yẹra. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Ọkùnrin tó wà ní ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì rí iná ọ̀tún mi. Ó rò pé pákó ni mò ń lọ kó, pé mò ń yà wọlé. Ó wọ ipa ìta, ó yà sọ́nà Oǹdó, ibi tó yẹ kó gbà gan-an ló gbà. Èmi wà ní ipa inú, mò ń fò padà bọ̀. Mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ fèrèsé ọ̀tún mi, ó mọ́ kedere: "Bàbá, ibo lẹ ń yà sí?"

Lẹ́yìn náà, lọ́rì gun nǹkan, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí táyà bá gun ẹ̀ka igi.

Mo wo dígí. Mo rí i lórí títì. Apá rẹ̀ kan gbé sókè. Mo rí ọpọ́n pupa tó ń yí lọ lẹ́bàá gọ́tà, ó ń yí, kò fẹ́ dúró. Mo yí jíà, mo sì lọ já iṣu mi sílẹ̀ ní Oǹdó.

Mi ò sùn lọ́jọ́ Ẹtì. Lówùúrọ̀ Àbámẹ́ta, Wúrà dé pẹ̀lú ìrọ̀rí kékeré kan fún ìjókòó ọmọ. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n má tẹ̀ lé òun. Òun á lọ. Mo wọlé, mo jókòó. Nígbà tó ku bíi ìdajì kìlómítà ká dé ibẹ̀, mo ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì sọ fún un. Mo sọ nípa lọ́rì, nípa dọ́bù, nípa ipa tí mo fò. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà bi mí.

Ẹ́ńjìnnì ń dún. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí sítíárì.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ gbá èèyàn?"

"Mi ò mọ̀," mo wí. "Mo rò pé ó ti kọjá."

Ó wò mí pẹ́. Ó sì gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló burú jù.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀." Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Rárá. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ máa ń rí i. Ẹ ó sọ ibi tó wà fún mi."

A bọ́ sójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí iná fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ́. Kẹ́.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà ní ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì."

"Kí ló ń ṣe?"

"Iná wa ló ń wò."

"Ipa wo ni kí n mú?"

"Ipa ìta."

"Òun ńkọ́?"

"Ipa ìta kan náà."

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada. Ó wọ ráńdábáòtù, òbìrìkìtì náà wà lọ́wọ́ òsì wa bó ṣe yẹ. Nígbà tí a dé iwájú ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì, ó yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì tẹ búréèkì jẹ́jẹ́. Àwa la ni ọ̀nà, ó sì dúró. Fèrè gba gbogbo ẹ̀yìn wa kan. Ẹnì kan bú ìyá wa. Wúrà kò wo ẹ̀yìn.

"Ó bi yín ní nǹkan lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Ẹ dá a lóhùn."

Mo yí gíláàsì ọ̀dọ̀ mi sílẹ̀. Ọkùnrin náà jìnnà sí mi tó ìwọ̀n tí èèyàn fi ń na owó ọjà síni.

"Oǹdó," mo wí. "Oǹdó ni mò ń lọ, ọmọ mi. Mi ò yà síbì kankan. Máa lọ níwájú."

Iná kú. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì rọra wọ iwájú wa, ní ipa ìta, ó yà sí ọ̀nà Oǹdó. Alùpùpù rẹ̀ ò dún. Bó ti ń kọjá, kò wo iná mọ́. Èmi ló wò. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́, òórùn pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì kún inú ọkọ̀.

Wúrà fa imú. "Bí ẹ̀wù rẹ̀ ṣe máa ń rùn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nìyí," ó wí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ojú dé. Ó ká ọwọ́ sókè fún ọ̀tún, ó sì jáde.

Ó wakọ̀ tààrà títí a fi dé Oǹdó.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní àgbàlá, ó tẹ̀ ba, ó ń fi kànrìnkàn wẹ ọmọ nínú ọpọ́n pupa. Arábìnrin àgbà ni, ó ti ṣe tíṣà rí, ọ̀rọ̀ sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Nígbà tó rí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lápá sítíárì, kànrìnkàn jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wúrà! Ìwọ lo wà á? Ìwọ tí o máa ń dijú bí adìyẹ tí òjò pa?"

"Èmi ni, Màmá. Mo wá gbé ọmọ mi."

"O lajú kọjá ibẹ̀?"

"Mo là á."

Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mo ti sọ ọ́. Máa gbé e. Motúnráyọ̀, ìyá rẹ dé." Ó rí mi. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ta ni wọ́n, Wúrà?"

Mo dúró. Wúrà lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ó wò mí, ó gbé ojú kúrò. "Àwọn ló kọ́ mi lọ́kọ̀, Màmá."

Ọmọbìnrin náà jókòó nínú omi, ọṣẹ wà létí rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbá omi, pàá, pàá, kò sì gbé orí sókè. Mo gbọ́ ohùn ọmọ ọdún mẹ́ta, ohùn tinrín, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere.

"Bàbá, ẹ rí mi nínú dígí. Kí ló dé tí ẹ ò dúró?"

Lẹ́yìn mi, nínú ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Wúrà, mo gbọ́ ọ. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Wúrà yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà dìde. Ọ̀wọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ni ẹ́?"

Mo lè ní ọmọdé ló ń ṣeré. Mo ti purọ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dáwọ́ omi gbígbá dúró, ó ń retí mi.

"Mo rí ọ," mo wí. "Mo rí ọ nínú dígí. Apá rẹ gbé sókè. Ẹ̀rù bà mí, mo sì yí jíà."

Iná náà dákẹ́. Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi, ó rí Wúrà, ó sì na ọwọ́ sí i kí ó gbé e. "Mọ́mì," ó wí.

Wúrà fi tówẹ́ẹ̀lì wé e. Ó da omi inú ọpọ́n nù, ó gbé ọpọ́n sínú búùtù. Ó gbé ọmọ jókòó sórí ìrọ̀rí, ó sì tan ọkọ̀ láìpè mí. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Iná ọ̀tún ọkọ̀ náà tàn, ọ̀tún nìkan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Ó yà sí ọ̀tún, sí ọ̀nà Àkúrẹ́.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn kúrò ní Oǹdó. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wà lórí káńtà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, àwọn á wá fáìlì rẹ̀, kí n máa lọ kí n máa bọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ.

Mi ò wakọ̀ mọ́. Adédèjì ra filáṣà tuntun fún ọkọ̀ Wúrà, kò sì bi mí nípa ti àtijọ́. Ó wà nínú àpò àyà ẹ̀wù mi níbí tí mo ti ń kọ èyí. Kò sí wáyà lára rẹ̀, kò sí bátìrì. Ó gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Tí mo bá sì dákẹ́ dáadáa, ó ń lù mí láyà. Kẹ́. Kẹ́.